Ọjà Mẹ́ta Kí Ìrójò Tó Ṣubú

Bàbá Elkanah Ọdẹ́yalé kò pè mí lórí fóònù kí wọ́n tó wá. Ìró ọ̀pá ni mo gbọ́ lórí àtẹ̀gùn: ó dún, ó dákẹ́ pẹ́, ó tún dún. Àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè ni, NẸ́PÀ ti mú iná lọ, mo wà lórí ilẹ̀ yàrá mi ní Alápẹ̀rẹ̀, mo ń tú àdììtú inú ìwé ìròyìn àná. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, mo bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí lórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn wà nínú bàtà tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ti òsì wà nínú sílípáàsì ńlá, báńdéèjì wé e láti orí ọmọ ìka dé ọrùn ẹsẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ ò bá ti ránṣẹ́ pè mí, ǹ bá wá bá yín ní Ketu."

"Mo ránṣẹ́ sí ẹ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún yìí, Fikáyọ̀. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ dí." Wọn kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. "Jẹ́ kí n mí ná."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ti ń sá fún wọn láti ọdún tó kọjá.

Mo gbé àga kan ṣoṣo tí mo ní fún wọn. Wọ́n fa ọ̀rá kan yọ lábẹ́ apá, wọ́n mú ìwé pẹlẹbẹ kan jáde nínú rẹ̀. Mo mọ ìwé náà dáadáa. Èmi ni mo kọ ọ́. Orúkọ mi wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú oyè tí mo gbà ní yunifásítì, bí ẹni pé oyè yẹn ló ja ogun náà.

Kí n ṣàlàyé. Èmi ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìrójò, ẹ̀ka Kosofe. Ìlú kékeré kan ní ààlà ni Ìrójò jẹ́ nígbà Ogun Kírìjì, nígbà tí àwọn ìlú ìhà ibẹ̀ sọ pé àwọn kò sin Ìbàdàn mọ́. Àwọn baba wa lé ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn jáde, wọ́n ti ẹnu ibodè. Ọmọ ogun Ìbàdàn wá, wọ́n yí ìlú ká. Àwọn baba wa ti kó àwọn obìnrin àti ọmọdé gun orí òkè lọ kí ogun tó dé. Àwọn ọkùnrin ló kù nínú odi. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n rí i pé ìrànlọ́wọ́ kò ní í tètè dé, wọ́n kó ara wọn jọ sí ẹnu ibodè, wọ́n búra pé kò sẹ́ni tó máa jáde. Omi tán, ẹ̀tù tán, Ìrójò jóná. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó búra tó jáde láàyè. Ogun náà ń bá a lọ níbòmíràn fún ọdún pípẹ́. Nígbà tó parí, ajẹ́lẹ̀ kò padà wá mọ́. Àmọ́ àwọn tí wọ́n búra kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ àwọn obìnrin orí òkè yẹn ni wá. A wà ní Ketu, ní Ikosi, ní Ojota, a ń ta páìpù, a ń rán aṣọ, a ń wakọ̀. Lóṣù Nọ̀fẹ́ńbà lọ́dọọdún, a máa ń ṣe Ọjọ́ Odi nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ikosi. Akọ̀wé á ka orúkọ àwọn tó kú nínú odi lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti pe orúkọ kan, ìdílé ẹni náà á dìde, wọ́n á dáhùn pé, "Ó kù síbẹ̀." Wọn kò ní í jókòó títí orúkọ yóò fi tán. Àwọn tó dúró ni à ń pè ní odi lọ́jọ́ náà. Ẹni tí a kò pè á jókòó, á máa wo ẹ̀yìn aṣọ àwọn tó dúró.

Orúkọ mọ́kànlélógójì ni à ń pè tẹ́lẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án ni Ọdẹ́yalé. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Ọdẹ́yalé kò kú nínú odi. Ó gba ihò kan jáde lóru. Àwọn kan ní kí wọ́n tó búra ló jáde, pé ẹ̀tù ló wá lọ. Àwọn kan ní ó búra tán ni ó sá. Síbẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, bí wọ́n bá sì ti pè é, ikọ́ á máa gbé àwọn kan nínú gbọ̀ngàn. Bàbá Elkanah á dìde, wọ́n á dáhùn, ikọ́ á dákẹ́, a ó máa bá iṣẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fún ogójì ọdún ní Èkó.

Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ ní kí n kọ ìwé pẹlẹbẹ kan nípa odi náà. Ìṣirò ni mo kọ́ ní yunifásítì. Iṣẹ́ kò sí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní lẹ́sìn lẹ́yìn ilé ìwé, ohunkóhun tí kò bá sì ní ojútùú kì í jẹ́ kí n sùn. Àríyànjiyàn tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún wá dà bí àdììtú tí ẹnìkan gbàgbé láti tú. Ohun méjì ni mo lò. Àkọ́kọ́ ni orin tí àwọn ìyá wa ń kọ:

Ọjọ́ ọjà la búra.
Ó pé ọrún, omi tán.
Ó tún pé ọrún, ẹ̀tù tán.
Ó tún pé ọrún, iná dé.

Ìkejì ni lẹ́tà olùkọ́ ìjọ kan tó gbé ní ìlú kejì nígbà náà, tí mo rí ẹ̀dà rẹ̀ ní ilé ìkàwé. Ó kọ ọ́ pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́yalé dé láti Ìrójò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta oṣù, pé alẹ́ àná ló fi odi sílẹ̀, pé ẹ̀tù ló ń bèèrè. Ó tún kọ ọ́ pé ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, àwọn rí èéfín láti ìhà Ìrójò.

Ọrún mẹ́ta, mo ní ọjọ́ márùn-ún lọ́nà mẹ́ta, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kúrò nínú mẹ́rìndínlógún, ó ku ọ̀kan. Ọjọ́ kìíní oṣù ni wọ́n búra. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni Ọdẹ́yalé jáde. Ó búra lónìí, ó sá lọ́la. Mo ya tébù kan sínú ìwé náà kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ní ti ẹ̀tù tó bèèrè, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá sá yóò wá nǹkan sọ. Inú mi dùn sí gbólóhùn yẹn nígbà náà.

Lọ́dún yẹn, ogójì orúkọ ni mo kà. Bàbá Elkanah ti dìde díẹ̀ lórí àga kí n tó fò wọ́n, wọ́n sì rọra padà jókòó. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá kò wá sípàdé mọ́ láti ọjọ́ náà.

Bàbá Elkanah wá na ìwé náà sí mi lójú báyìí. "Ìwọ lo kọ èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ojú mi ò ríran kàwé mọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé ọmọ yunifásítì ti ṣírò ọ̀rọ̀ náà, ó ti parí. Kí ni kí n wí sí ìṣirò? Káfíńtà ni mí." Wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì wọn sórí àpótí ìwé mi bí ẹni tó gbé ẹrù ẹlẹ́rù. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Keziah ọmọ mi ń wẹ egbò fún mi. Ó máa ń dùn mí. Mo ní kó ka nǹkan sí mi létí kí n lè gbàgbé. Ìwé yìí ló bá nílẹ̀. Ó ka tébù rẹ. Fikáyọ̀, ọrún mẹ́ta jẹ́ ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sà."

"Òní ọjọ́ wo?"

"Túsìdeè."

"Ọrún òní ńkọ́?"

Mo kà á lọ́kàn: Wẹ́sìdeè, Tọ́sìdeè, Fúráìdè, Sátidé, Sọ́ńdè. "Sọ́ńdè, sà."

Wọ́n wò mí pẹ́. Kì í ṣe ojú ẹni tó borí ni wọ́n fi wò mí. Ojú ẹni tó rìn jìnnà wá gba nǹkan rẹ̀, tó wá bá a pé orí ààtàn ni wọ́n dà á sí.

"Ta ni ìyá onílé yín?"

"Mummy Kúnbi. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n."

"Pè wọ́n fún mi."

Kò sí ìdí láti pè wọ́n. Ohùn wọn ti ń dún nísàlẹ̀, wọ́n ń bá awakọ̀ kan jà nítorí àpò. Gàrí ni Mummy Kúnbi máa ń lọ kó wá láti ọjà ìlú wọn, tí wọ́n ń tà ní Mile 12. Bàbá Elkanah na ọrùn sí fèrèsé.

"Ìyá onílé, ẹ kú iṣẹ́ o! Ibo lẹ ń lọ?"

"Ọjà ìlú wa ni, Bàbá! Mọ́tò ti ń dúró dè mí!"

"Ìgbà wo lẹ lọ kẹ́yìn?"

"Fúráìdè."

"Ìgbà wo lẹ tún ń lọ?"

"Sátidé. Ṣé ẹ fẹ́ rán mi ni?"

"Rárá o. Ọjà yín, ọjọ́ mélòó mélòó ni?"

"Ọrọọrún ni! Irú ọjà wo ni kì í ṣe ọrọọrún? Fikáyọ̀, ṣé o ti fún Bàbá lómi mu? Ọmọ yìí, ìwé ló máa pa ẹ́."

Mọ́tò náà lọ. Mo jókòó sórí ilẹ̀. Fúráìdè, Túsìdeè, Sátidé. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń gbé lókè yàrá obìnrin yìí, tí mo ń gbọ́ tí wọ́n ń fa àpò láàárọ̀, tí n kò ka ọjọ́ tó wà láàárín rí.

"Òní, oókan," Bàbá Elkanah wí, wọ́n ká ìka wọn. "Ọ̀la, eéjì. Ọ̀túnla, ẹẹ́ta. Fúráìdè, ẹẹ́rin. Sátidé, aárùn-ún. A máa ń ka òní mọ́ ọn. Ọjọ́ ọjà tí o ná, ó wà nínú rẹ̀. Ìyá rẹ ò kọ́ ẹ ni?"

"Èkó ni wọ́n bí mi sí, sà."

"Èkó náà ni wọ́n bí Keziah sí."

Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, lọ́nà mẹ́ta: méjìlá. Mo yọ méjìlá kúrò nínú mẹ́rìndínlógún. Ọjọ́ kẹrin oṣù ni wọ́n búra. Ọjọ́ kejì oṣù ni Ọdẹ́yalé jáde. Ó ti lọ kí wọ́n tó búra. N kò nílò bírò láti ṣe é. Ọmọ tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìn lè ṣe é.

"Ẹ dákun, sà," mo wí. "Ẹ dárí jì mí."

"Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mo wá gbà níbí. Sátidé yìí ni Ọjọ́ Odi. Mo fẹ́ kí o pè é." Wọ́n tọ́ka sí ẹsẹ̀ òsì wọn. "Ìtọ̀ ṣúgà ti jẹ èyí tán. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa gé e. Dókítà ti fi bírò fa ìlà síbi tó máa gé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pe orúkọ bàbá bàbá mi, mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ méjèèjì dìde. Lẹ́yìn ìyẹn ẹlòmíràn á máa dìde fún un."

"Mo máa sọ fún alága. Wọ́n á gbọ́ tí wọ́n bá mọ̀ pé…"

"Tìẹ ni kí o sọ. Ìṣirò rẹ ni kí o sọ. Má fi ẹsẹ̀ mi bẹ ẹnikẹ́ni." Wọ́n ti di ọ̀pá wọn mú. "Wá gbé mi sọ̀kalẹ̀."

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo lọ bá alága wa, Daddy Oyèṣọlá, ní ṣọ́ọ̀bù páìpù wọn ní Ojota. Ọ̀sán ni, oòrùn mú, wọ́n ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fi ìwé ìpolówó fẹ́ àyà wọn. Wọ́n jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ láìdá mi lẹ́nu. Wọ́n tilẹ̀ fi ìka kà á tẹ̀lé mi.

"Méjìlá ni lóòótọ́," wọ́n wí. "Ọlọ́run o. Gbogbo wa la ka ìwé yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kò sẹ́ni tó kà á, ká sọ tòótọ́. Fọ́tò wa la wò níbẹ̀." Wọ́n nu ojú. "Ṣé kò ní í jẹ́ pé lọ́dún tó ń bọ̀ o máa tún rí lẹ́tà mìíràn, o máa ní kí a tún mú un kúrò?"

"Rárá, sà. Àṣìṣe mi ni. Mo fẹ́ kí a dá orúkọ náà padà sípò rẹ̀ ní Sátidé."

Wọ́n gbé ìwé ìpolówó náà sílẹ̀. Ènìyàn rere ni Daddy Oyèṣọlá. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn. "Fikáyọ̀, gbọ́ mi. O ti wí pé kò da ìbúra. Mo gbà. Àmọ́ kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n búra. Orúkọ àwọn tó búra, tí wọ́n sì kú síbẹ̀, là ń pè. Ìdílé tó bá dìde á ní 'Ó kù síbẹ̀.' Ṣé Ọdẹ́yalé kù síbẹ̀?"

Mo ti tú àdììtú náà, mo sì ti tú u kọjá ibi tí mo fẹ́. Ìṣirò tó yọ ọkùnrin náà nínú ọ̀dàlẹ̀ náà ló yọ ọ́ nínú odi.

"Kí a mú un dé ìpàdé Jánúárì," wọ́n wí. "Ká jíròrò rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìwé ètò ti wà lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Kí ló ń lé wa?"

Ọjọ́ Mọ́ńdè ló ń lé wa. Ṣùgbọ́n Bàbá Elkanah ti ní kí n má fi ẹsẹ̀ wọn bẹ ẹnikẹ́ni.

"Ka orúkọ bó ṣe wà nínú ìwé ètò," Daddy Oyèṣọlá wí. "Ogójì. Jọ̀ọ́."

Ní Sátidé, gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọkùnrin ti gbé àga síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ìyàwó alága wọlé pẹ̀lú kúlà ìrẹsì mẹ́rin. Ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n, àwọn ló sì ń se oúnjẹ Ọjọ́ Odi lọ́dọọdún. Ládé, tó máa ń wakọ̀ Ketu sí Ojota, pariwo bó ṣe máa ń pariwo ní gbogbo ọdún: "Ẹ sá o! Ìbàdàn tún ti yí wa ká!"

"Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tí ebi máa pa," ìyàwó alága dá a lóhùn. "N ó yí ẹ ká ni, n kò ní í bu tìẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nínú ẹ̀rín yẹn ni Bàbá Elkanah wọlé, Keziah di apá wọn mú. Ẹ̀rín náà kò dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn lọ síwájú, bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń tì. Wọ́n jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ ògiri. Aṣọ òkè àtijọ́ ló wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ti wọ bàtà sí ẹsẹ̀ méjèèjì. N kò mọ bí wọ́n ṣe ti ẹsẹ̀ òsì yẹn wọ inú bàtà.

Àdúrà, orin, ọ̀rọ̀ alága. Lẹ́yìn náà wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Ìdílé àkọ́kọ́ dìde. "Ó kù síbẹ̀." Èkejì. "Ó kù síbẹ̀." Mo pe ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ, àwọn ọmọ rẹ̀ dìde, wọ́n dáhùn, mo sì dúró.

"Kí n tó máa bá a lọ," mo wí, "mo ní àṣìṣe kan láti sọ."

Daddy Oyèṣọlá gbé ọwọ́ sójú.

Mo sọ ọ́. Mo sọ orin, mo sọ lẹ́tà, mo sọ pé márùn-ún-márùn-ún ni mo kà á. N kò tíì parí nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan, Mama Karimot, bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka wọn sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

"Òní, ọ̀la, ọ̀túnla… Háà! Ta ló ní ọrún mẹ́ta jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Fikáyọ̀! Yunifásítì wo lo lọ?"

"Ẹ bá mi bi í o," Ládé wí. "Ó ń kọ́ ọmọ mi ní ìṣirò!"

Gbọ̀ngàn bẹ́ sí ẹ̀rín. Mo dúró síbẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó kọjá, ẹlòmíràn ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Àwọn ìdílé mẹ́jọ tó ti dìde ń gbé ara wọn láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì.

"Ó tó," Daddy Oyèṣọlá wí, wọ́n sì dìde. Ó rẹ̀ wọ́n. "A ti gbọ́. Ọdẹ́yalé kò da ìbúra. Ẹni tó bá pè é ní ọ̀dàlẹ̀ láti òní, irọ́ ló pa, èmi náà wà níbẹ̀. Bàbá Elkanah, ẹ forí jì wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ Ìrójò, àwọn tó búra là ń pè níbí. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n búra. Ẹ jẹ́ ká…"

"Alága, òótọ́ lẹ sọ."

Bàbá Elkanah ni. Wọn kò dìde. Wọ́n sọ ọ́ láti orí àga.

"Kò búra. Bí mo bá ní ó kù síbẹ̀, irọ́ ni mo ń pa. Mo ti pa irọ́ yẹn fún ogójì ọdún nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ̀yin náà sì ń wúkọ́, ẹ jàre. Mi ò ní kí ẹ kà á mọ́ àwọn ogójì. Ẹ pè é bó ṣe rí."

"Báwo ló ṣe rí?" Ládé bèèrè. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ó jáde. Ìwé olùkọ́ yẹn ní ẹ̀tù ló wá. Wọn kò rí fún un. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wọn níbẹ̀ títí ó fi rí èéfín. Ìyẹn ni bàbá mi sọ fún mi. Bàbá mi ní bàbá òun kì í jẹun lọ́jọ́ ọjà, títí ó fi kú." Wọ́n mí. "Ẹ pe ìyẹn."

Kò sí ẹni tó mọ ohun tí à ń ṣe sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí nínú ètò. Àwọn tó ti dìde kò lè jókòó, àwọn tó jókòó kò mọ̀ bóyá kí àwọn pàtẹ́wọ́. Daddy Oyèṣọlá wò mí, wọ́n wo ìwé ètò, wọ́n ká a sí méjì.

"Pè é," wọ́n wí.

Mo gbé ẹ̀rọ náà sẹ́nu. N kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. "Ọdẹ́yalé," mo wí. "Ó jáde kí wọ́n tó búra."

Bàbá Elkanah fi ọwọ́ méjèèjì ti apá àga. Keziah fẹ́ gbé wọn. Wọ́n mi orí. Ìgbà àkọ́kọ́, wọn kò dé òkè. Ìgbà kejì, wọ́n dìde. Wọ́n jẹ́ kí ọ̀pá wà nílẹ̀. Mo rí i tí wọ́n gbé ìwọ̀n ara wọn sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ dá a padà sórí méjèèjì.

"Ó jáde," wọ́n dáhùn. "Ó wá ẹ̀tù lọ. Kò rí."

Kò sẹ́ni tó wúkọ́.

Orúkọ méjìlélọ́gbọ̀n ló kù nínú ìwé. Kì í tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi ń kà wọ́n lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n mo ti rí òógùn níwájú orí bàbá náà, mo sì mọ ohun tó wà nínú bàtà yẹn, mo mọ̀ pé wọn kò ní í jókòó títí n ó fi parí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo pe ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá, mo pe ẹlẹ́ẹ̀kọkànlá kí wọ́n tó dáhùn ti àkọ́kọ́ tán. Ìdílé méjì dìde pọ̀, ohùn wọn wọnú ara wọn. Mo pe ẹlẹ́ẹ̀kejìlá.

"Fikáyọ̀." Ohùn Bàbá Elkanah kò ga. "Ta ni ò ń lé? Rọra pè wọ́n."

Mo dúró. Mo padà sí ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá, mo pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì dúró kí àwọn ọmọ rẹ̀ dáhùn tán kí n tó wo orúkọ tó tẹ̀lé e.